Ibi tí Bàbá ti Ń Yà sí Àárín Títì

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí títì tó gba iwájú ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìrẹsà. Mo to àṣìṣe wọn lẹ́sẹẹsẹ: títì ò ní àmì kan ṣoṣo, tírélà ń sáré àsápajúdé, ọ̀kadà ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ò sì ní ibi tí yóò gbà. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Nígbà tí dígí ọkọ̀ akẹ́rù kan wá ha bàbá mi nígbọ̀nwọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ológere tí wọ́n ń gùn lọ sóko láràárọ̀, mo fi iṣẹ́ mi l'Ọ̀yọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá láti gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ lo rà á fún mi?" Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìbéèrè ni wọ́n fi ń jà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbọ́ pé ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ní yunifásítì ń wá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ó ní awò ńlá kan tó ń bo ojú pátá: bí o bá wọ̀ ọ́, títì ni wàá máa rí, tòun ti mọ́tò àti ariwo, bẹ́ẹ̀ inú yàrá lo wà. Ó fẹ́ mọ ibi tí ewu ti ń bá àwọn èèyàn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa. Títì Ìrẹsà wa gan-an ló yà sínú ẹ̀rọ náà. Èmi àti bàbá mi ṣe àdéhùn: bí wọ́n bá yege, n ò ní sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́, bí wọ́n bá kùnà, mo gbà á.

Ní yunifásítì, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gbé kọ́ sórí irin, wọ́n wọ awò.

"Háà! Ihò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìyí! Wọn ò gbàgbé ihò!"

Mo ń wo ohun tí wọ́n ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ dáadáa. Lójijì, wọ́n yà sí àárín títì, tírélà fọn fèrè, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n. Ó ti gbá wọn. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń yà.

"Ẹ ti kùnà, sà," ni mo wí. "Ojú yín ti ṣe bàìbàì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù," ni olùkọ́ náà wí. Ó dá àwòrán padà, ó tẹjú mọ́ ọn. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá, kí lẹ ń yà fún?"

"Láfún."

"Láfún wo, sà?"

Bàbá mi ṣí awò kúrò lójú. "Ẹ̀yin lẹ ò sá láfún síbẹ̀. Ara tèmi ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa olùkọ́ náà. Ó ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ làwọn ya títì náà. Ó mú bírò: báwo ni láfún ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó? Ojoojúmọ́ ni? Èmi náà fẹ́ mọ̀. "Ta ló ń sá a?" ni mo bi wọ́n, nítorí mo ti ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ lọ́kàn.

Bàbá mi wò mí. "Ta ló bí ọ?"

Màmá mi ni. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń sá láfún sétí títì, nítorí ọ̀dà máa ń gbóná, láfún á tètè gbẹ. Òun ni mo jẹ dàgbà. Kò sí nínú lẹ́tà kankan tí mo kọ.

Olùkọ́ náà fi láfún funfun kan sínú àwòrán. Mo ní kó gbé awò fún èmi náà. Mo dé ibẹ̀, mo yà, tírélà gbá mi. Mo tún un gbà, mo pinnu pé n ó gba orí láfún kọjá. Mo tún yà.

"Alákọ̀wé, kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́? Ṣebí àwòrán ni?"

"Oúnjẹ ni, sà," ni mo wí. N ò tún dárúkọ àdéhùn kẹ̀kẹ́ mọ́.

Nígbà tí a délé, mo ní kí Màmá má sá láfún sétí títì mọ́, wọn ò gbọ́ sí mi lẹ́nu. "Ẹ̀rọ òyìnbó ló wá ń wá láfún mi kiri?"

"Àpáta wà lẹ́yìn ilé, Màmá. Òun náà ń gbóná."

"Ta ni yóò rù ú gun àpáta?"

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ru agbọ̀n mẹ́ta gun àpáta, mo sì ń bú ìjọba ní gbogbo ọ̀nà, nítorí wọ́n jẹ̀bi síbẹ̀. Láti òkè ni mo ti rí bàbá mi tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ jáde. Etí títì mọ́ tónítóní. Wọ́n débẹ̀, wọ́n yà sí àárín.

Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró síbi tí láfún máa ń wà, tí mo ń nawọ́ sétí títì bí ọlọ́pàá: "Ibí, Bàbá, ibí!" Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gba etí títì bọ̀ tààrà, wọ́n ń lu agogo kẹ̀kẹ́ sí mi kíkankíkan pé kí n kúrò lọ́nà.