Owó Ọ̀dà tí Kúlísúmù Yá Ọkọ Rẹ̀

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà kọ sára ògiri bíi Kàsúmù ní gbogbo ìgboro Ọ̀wọ̀. Òun ló kọ "Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la" sí ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ọjà, bẹ́ẹ̀ àwìn ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kiri. Ẹ bá mi wo irú rẹ̀ ná! Bí oníbàárà bá ti yìn ín díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó tán, Kàsúmù á ní kó máa mú owó bọ̀ nígbà tí ọjà bá tà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ní ìdérí.

Ní ọdún 1986, Sylvanus, ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé ilé búrẹ́dì lójú ọ̀nà Uso. Ó fẹ́ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní kí Kàsúmù bá òun kọ orúkọ búrẹ́dì náà sí pátákó, kó sì tún kọ ọ́ sára ògiri ní Uso, ní Upenmen, títí dé Afo lọ́hùn-ún. Ó ní bí búrẹ́dì bá ti ń jáde, owó iṣẹ́ rẹ̀ á máa bọ̀. Kàsúmù ò ní owó ọ̀dà lọ́wọ́. Ó lọ bá Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta àǹkárá nínú ọjà, ó bẹ̀ ẹ́ títí obìnrin náà fi gbé owó ọjà rẹ̀ fún un. "Kó tó di Iléyá, wàá ti gbà á padà," bẹ́ẹ̀ ló wí. Gbogbo ohun tí Kúlísúmù ní láyé nìyẹn. Bí owó náà ò bá wọlé, kò sí ohun tí yóò fi ra ọjà Iléyá.

Kàsúmù kọ ọ́, ó sì dára. Wọ́n ní àwọn ọmọdé a máa dá itọ́ mì níwájú búrẹ́dì tó yà sára ògiri ní Upenmen. Ká ní ọ̀dà nìkan ló fi polówó ni, ì bá sàn. Níbi tó dúró sí lórí àkàbà ní Upenmen, Ọmọ́lẹ́yẹ, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kan tó ń ta àkàrà, wá bá a. Ilé búrẹ́dì ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa bá wọn tà á, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Wọn ò ní í gbé owó mi lọ báyìí, sà?"

"Àǹtí, lọ sanwó ẹ," Kàsúmù dá a lóhùn látòkè. "Èmi Kàsúmù dúró fún un."

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Sylvanus ò sì rán an. Ọmọ́lẹ́yẹ lọ sanwó, ó sì fi ọ̀rọ̀ Kàsúmù fa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn náà sanwó.

Nígbà tí ọdún yí, ìjọba ní àlìkámà ò gbọdọ̀ wọlé láti òkè òkun mọ́. Fúláwà wọ́n bí ojú. Sylvanus po ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, búrẹ́dì le. Ó po àgbàdo mọ́ ọn, ó ń rún sílẹ̀. Bó ṣe di pé iná ààrò kú nìyẹn. Ó san owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pò ó, ó wá pe àwọn tó kù tó jẹ ní gbèsè sí ilé Ambrose, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ àdúgbò máa ń kó ẹjọ́ wọn bá.

Sylvanus ò purọ́. Ó gbé owó kalẹ̀ sórí tábìlì, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Ohun tó kù nìyí. Bí mo bá san ti Kàsúmù, kò ní í kù fún àwọn obìnrin wọ̀nyí. Bí mo bá san tiwọn, Kàsúmù ò ní í rí nǹkan kan."

Ambrose ka owó náà. "Kàsúmù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àpò ara rẹ̀ ni owó ọ̀dà sì ti jáde. Lójú tèmi, òun ló yẹ ká kọ́kọ́ dá lóhùn."

Kúlísúmù, tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, mí kanlẹ̀. Ó ti ń tú etí ìró rẹ̀ láti di owó sí i.

Ni Ọmọ́lẹ́yẹ bá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ onílé búrẹ́dì rí kí n tó sanwó. Bàbá yìí ni mo mọ̀. Wọ́n ní àwọn dúró fún un. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí Kàsúmù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ní òun dúró fún ènìyàn, onígbọ̀wọ́ ni. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọrùn rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Àmọ́ àwọn méjèèjì nìkan ló wà nídìí ògiri lọ́jọ́ náà. Bí Kàsúmù bá ní irọ́ ni, ó parí, owó ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó wo ọwọ́ Kúlísúmù létí ìró, ó gbé ojú kúrò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹnu tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ní Upenmen ò tún mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ ní Ọ̀wọ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni Kàsúmù wí.

Ambrose bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ Ọ̀ghọ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wá, Kàsúmù. O ò lè dúró fún Sylvanus lọ́dọ̀ wọn kó o tún ṣáájú wọn gba owó. Àwọn ni kí wọ́n gbà á. Sylvanus, gbèsè Kàsúmù ṣì wà lọ́rùn ẹ. Bí Ọlọ́run bá la ọ̀nà, máa san án díẹ̀díẹ̀."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ò ní í là. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní ẹjọ́ náà wọ́. Kàsúmù pàápàá ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Ọmọ́lẹ́yẹ sáré tẹ̀ lé wọn, ó kúnlẹ̀ fún Kàsúmù. "Ẹ ṣé o, bàbá. Olóòótọ́ ènìyàn lẹ jẹ́. Ọlọ́run á dá a padà fún yín."

Kúlísúmù fà á lápá dìde.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní. "Èmi ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Owó mi ló fi ṣe olóòótọ́."