Kílíìpù tí Fọlárìn Yá

Ẹni tó bá mọ Fọlárìn mẹkáníìkì ní Agége láyé ìjọba ológun yóò rántí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, á ti máa fi àkísà nu nǹkan kan. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nínú gbogbo àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́bàá rélùwéè, òun ni Làsísì ọkọ mi fẹ́ràn jù. Ọkọ mi a máa wí fún un pé, "Ìwọ àti ọkọ̀ yìí lẹ jọ ṣègbéyàwó, èmi kàn ń bá yín wà á ni."

Píjò 404 onípikọ́ọ̀pù lọkọ̀ ọ̀hún, ó ti gbó kí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, tó dé. Búrẹ́dì la fi ń kó láti Agége lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Nígbà tí SAP wá dé, tí ohun èlò mọ́tò tuntun di ọ̀wọ́n gógó, yíyá ni àwọn mẹkáníìkì wa fi ń gbé ayé wọn. Bí mọ́tò rẹ bá ń sinmi, tí ti ẹlòmíràn sì ní ìrìn, wọ́n á tú nǹkan lára tìrẹ, wọ́n á fi dá onítọ̀hún sílẹ̀, wọ́n á dá a padà bó bá dé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní olè jíjà. Ọkọ̀ tiwa náà ti jẹ nínú oore yẹn rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àyà gbá ọkọ mi mú. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ìyá Munirat, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n gbé àpò símẹ́ńtì lé mi láyà." Mo ránṣẹ́ pe Fọlárìn, ó sáré dé, ó gbé wa sínú Píjò, ó kọrí sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹjà. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín omi gbígbóná fi bo gíláàsì iwájú. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé omi láti inú rédíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ti yọ kúrò lẹ́nu ibi tí wọ́n kì í bọ̀. Omi ti dà tán sí títì. Fọlárìn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi bọ́ sójú ọ̀nà, mo ń dá mọ́tò dúró. Epo wọ́n nígbà yẹn, mọ́tò ò tó nǹkan. Kí a tó rí ẹni tó máa gbé wa, ọkọ mi ti dákẹ́.

Wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Fọlárìn wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀yìn àga ló dúró sí, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, kò wá sílé wa mọ́.

Mo ṣe opó mi tán, ọkọ̀ ṣì wà lójú kan níwájú ilé mi, níbi tí wọ́n fà á wá sí. Alhaji tó ni ilé búrẹ́dì wá bá mi, ó ní òun ti dúró dè mí tó, bí ọkọ̀ ò bá jáde láìpẹ́, òun á gbé iṣẹ́ Ìlúpéjú fún ẹlòmíràn. Ohun tí èmi àti àwọn ọmọ ń jẹ nìyẹn. Mùíbì àbúrò ọkọ mi ti ní òun á máa wà á. Ìtúnṣe ló kù, mo bá gba ọ̀dọ̀ Fọlárìn lọ.

"Ẹ mú ẹlòmíràn, Ìyá Munirat." Kò gbójú sókè.

"Ta ni ẹlòmíràn tó mọ ọkọ̀ náà?"

"Ẹnikẹ́ni tí kì í bá ti í ṣe èmi."

Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù Sùlíyá la lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta họ́ọ̀sì, tó fi wọ́n kọ́ káàkiri ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ìfun màlúù. A ti kọ́kọ́ yà nílé mi, Fọlárìn tú àwọn họ́ọ̀sì àtijọ́ lára ọkọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, kó lè fi wọ́n wọn ẹnu àti ìgbọ̀nwọ́ èyí tuntun. Sùlíyá kọ́kọ́ gbé tòkunbọ̀ kan tó ń dán jáde. Fọlárìn fi àkísà nù ún, àkísà náà di dúdú.

"Epo lẹ fi pa á. Epo ló ń sọ rọ́bà di jẹ̀lẹ́ńkẹ́."

"Ṣé ẹ̀yin ò pa ìpara lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Tèmi ni kò gbọdọ̀ dán?"

Ó gbé òmíràn wá, gbọọrọ. Fọlárìn ní yóò ká bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, omi ò ní rí ọ̀nà kọjá. Ó tẹ òmíràn láàárín ìka, ó ń wò ó bóyá ó sán. Ó ń yọjú wo òwú tó wà nínú rọ́bà. Ó rí méjì tó dára, èmi tí mi ò mọ mọ́tò pàápàá rí i pé wọ́n dára, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún ní kí Sùlíyá mú òmíràn wá.

"Bọ̀ọ̀dá, họ́ọ̀sì lẹ wá rà àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Fọlárìn ò rẹ́rìn-ín.

Ó kan kílíìpù, irin tí wọ́n fi ń fún họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ibi tó wọ̀. Ó ti àwọn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ sápá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi súkúdíráfà dán àwọn pẹlẹbẹ wò, ó ń fún un, ó ń tú u, ó ní eyín ti jẹ lára eléyìí, ó ní tọ̀hún ti dógùn-ún. Kò dógùn-ún. Mo rí i tó tún mú èyí tó ti jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Fọlárìn, kí lò ń wá?"

Ó gbé súkúdíráfà sílẹ̀.

"Kílíìpù wà lára họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tú u. Onítakisí kan ń lọ sí Abẹ́òkúta, tirẹ̀ já. Mo fi rọ́bà tiúbù so ti Bàbá Munirat. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni, kò níbi tí wọ́n ń lọ. Mi ò sọ fún wọn. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, mo rántí, bí mo ṣe ń sáré bọ̀. Mo ní rọ́bà náà á gbé wa débẹ̀."

Sùlíyá yíjú, ó ń to ohun tó ti tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ènìyàn ti sọ fún mi lójú òkú, pé àsìkò rẹ̀ ló tó. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Fọlárìn. Kò jáde. Ojú títì yẹn ni mo ń rí, níbi tí mo ti ń na ọwọ́ sí mọ́tò.

"Mi ò mọ̀ bóyá dókítà ì bá rí i gbà là," ni mo wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo mọ̀."

"Ẹ bú mi."

"Mi ò ní bú ọ."

"Ó sàn kí ẹ bú mi, Ìyá Munirat, ju èyí lọ."

"Kílíìpù ọ̀hún dà?"

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́. Onítakisí ti dá a padà ní ọjọ́ kejì, àpò Fọlárìn ló wà látìgbà náà. Ó ti nù ún títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Sùlíyá gbà á, ó yí i wò.

"Ojúlówó lèyí. N ò ní irú ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Òun ni kó o fi de ti ìsàlẹ̀," mo sọ fún Fọlárìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n..."

"Ọwọ́ tó tú u ni kó dè é."

Họ́ọ̀sì méjì tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan la rà, pẹ̀lú kílíìpù fún àwọn ẹnu yòókù. Iwájú ilé mi ló ti ṣe é. Nígbà tí Mùíbì tan ọkọ̀, Fọlárìn wà lábẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ìdí họ́ọ̀sì náà bí ẹni tó ń dẹ omi. Kò sí omi tó ń jò. Mùíbì ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó." Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó gbóná ná. Ó gbóná, kò gbé ọwọ́ kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ojú rẹ̀, mo wá àkísà kan, mo fi í sí ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ìgbà yẹn ló jáde, tó ń nu ọwọ́.

Ọkọ̀ náà kó búrẹ́dì fún wa títí àwọn ọmọ fi parí ìwé. Fọlárìn ò yá nǹkan lára mọ́tò kankan mọ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n yá lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ahun títí ó fi kú. Kò ṣàlàyé fún wọn, èmi náà ò ṣàlàyé.

Ẹ̀rín rẹ̀ ò ṣáájú rẹ̀ wọ ilé mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, yóò kí mi, yóò máa wo ilẹ̀, títí n ó fi ní kó máa bọ̀. Ó ń wọlé ṣá.