Bí Bàbá Mi Ṣe Lọ Dí Ọkọ̀ Aládùúgbò Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ ojú omi bí agbọ̀n ẹja, ìlara ni iṣẹ́ kejì bàbá mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kí ó máa kan ọkọ̀ pákó, kí ó sì máa dí èyí tó bá ń jò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ní abúlé wa létí òkun.

Aládùúgbò wa kan ló fa ìlara náà, ẹ̀yin ọmọ. Ó ń bá àwọn tí ń wa epo ṣiṣẹ́. Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílé, aládùúgbò wa ra ògbólógbòó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí títì lọ́dọ̀ wa, orí afárá pákó là ń rìn láti ilé dé ilé. Igbókòdá, níbi tí títì parí sí, ni ọkọ̀ náà ń gbé. Síbẹ̀, aládùúgbò wa a fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn lọ wẹ̀ lódò. Bàbá mi a ní, "Ọkọ̀ wo nìyẹn, tí ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kó tó rí i?" Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára kọ́kọ́rọ́ náà. Èmi náà ń jowú, n kò ní purọ́: ọmọ aládùúgbò wa ti fọn fèrè ọkọ̀ náà rí, èmi kò fọn ún rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jo epo. Mẹkáníìkì ti lọ sí ìlú rẹ̀, aládùúgbò wa sì fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ Sátidé. Ó wá bá bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tó ń jò tó borí yín rí. Ẹni tó bá bá mi dí i ni yóò jókòó níwájú pẹ̀lú mi lọ Òkìtìpupa."

"N ó wò ó, bí àyè bá wà," ni bàbá mi wí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń dúró dè wá.

Ìyá mi bá wa lọ, torí ó fẹ́ ra bẹntiróòlù àti rọ́bà tí ó ń tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀ńjìnnì. Bàbá mi fa epo ọkọ̀ náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé ìdí táǹkì tutù. Nínú ọkọ̀ pákó, ibi tó bá tutù náà ló lu. Ó ki àkísà àti ọ̀dà tí ó fi ń dí ọkọ̀ pákó mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ dán. Wọ́n da epo padà. Bàbá mi lọ jókòó síwájú, láti mọ bó ṣe ń rí.

A kò tíì jẹ púpurú wa tán tí ọ̀dà fi yọ́ sílẹ̀, dúdú bí odò ọjọ́ tí páìpù epo rọ̀bì bẹ́.

Ìyá mi ní, "Bẹntiróòlù máa ń jẹ ọ̀dà."

"O mọ̀, o sì ń wò mí?"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ ní kí n sún sẹ́yìn, iṣẹ́ ọkùnrin ni."

Ìyá mi nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó lọ ẹfun, ó sì fi ẹfun náà kùn ún láti òkè dé ìdí táǹkì. A tẹjú mọ́ ọn, láti rí ibi tí ẹfun yóò ti kọ́kọ́ tutù. Ibi tó kọ́kọ́ tutù ni ẹnu rọ́bà tí epo ń gbà wọ táǹkì lókè, tí oòrùn ti mú kí ó sán. Láti ibẹ̀ ni epo ti ń ṣàn wá sí ìdí táǹkì. Ìyá mi gé rọ́bà tuntun nínú ọjà rẹ̀, ó fi rọ́pò ti àtijọ́, ó sì fi wáyà dì í pinpin. Ẹ̀kán kan kò já sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi ló jókòó níwájú, gèlè rẹ̀ kan òrùlé. Bàbá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú mi, ó gbé agbọ̀n ẹja lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé atẹ́gùn ń dé ọ̀dọ̀ yín?" ni aládùúgbò wa bi í.

Ẹ̀yìn ọrùn ìyá mi ni bàbá mi ń wò. Láti ọjọ́ náà, kò rí ti kọ́kọ́rọ́ rò mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá yin ìyá mi, yóò ní, "Rọ́bà lásán ni."

Lónìí, bí mo bá délé, mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, tí wọ́n ń jowú ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n ní ayé ti lajú. Bàbá mi jowú aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹ̀yin, ẹni tí ẹ ń jowú rẹ̀ yìí, bí nǹkan rẹ̀ bá bàjẹ́, ta ni yóò wá pè yín?