Ẹni Tó Fi Yanrìn Fọ Ọkọ̀ Mi

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, mo ń ṣe tíṣà ní Inísà. Yàrá méjì ni mo háyà, èmi nìkan ni mo sì ń gbé inú rẹ̀. Ìyàwó tí mo fẹ́ ti kọ̀ mí sílẹ̀. Ó ní ìgbéraga mi pọ̀. Ìyá mi, tó wà ní Òkukù, ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé. Èmi náà ni ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún un.

Mo ra ọkọ̀ kékeré kan, aláwọ̀ búlúù. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bó ti yẹ lọ. Tí àwọn tíṣà yòókù bá ti lọ sílé wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ni mo máa ń nù títí ọjọ́ á fi rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà á lọ sí Òkukù, mo sì lọ kí àwọn àgbà ìdílé wa. Kí n tó padà, ìyá mi ti pọnmi, ó ti bu yanrìn, ó ti fi kànìnkànìn fọ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn bó ṣe máa ń fọ ìkòkò irin. Obìnrin àdúgbò wa kì í fi ìkòkò dúdú han àlejò, ti ìyá mi ló sì ń dán jù. Ó dúró tì í, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ń retí kí n yin òun. Gbogbo ọ̀dà ọkọ̀ náà ló ti họ. Mo ní ẹ ṣeun, mo sì wà á lọ. Inú bí mi débi pé n kò dágbére.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo gba lẹ́tà ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní pósófíìsì Ìkìrun. Wọ́n ní tí ọdún bá ti yí, àwọn kò ní í tún ọ̀dà tó họ tàbí ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ṣe mọ́. Ohun tí kò bá ti dá ìrìn ọkọ̀ dúró, kí ọlọ́kọ̀ fara dà á. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílẹ̀, kó yáa tètè kọ fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè ẹni tó ṣe é. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ìyá mi ni, wọn kò ní í pè é ní jàǹbá. Ojú sì ń tì mí, èmi tíṣà, láti kọ ọ́ pé ìyá mi fi yanrìn fọ mọ́tò. Mo kọ ọ́ pé ẹnì kan tí n kò mọ̀ ni, níbi tí mo gbé e sí ní Òkukù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wọn wá, ó ní ká jọ lọ síbẹ̀. Mo gbà, torí mo rò pé ìyá mi á ti lọ sóko. Kò lọ. Arákùnrin náà kí i dáadáa, ó bi í bóyá ó rí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà báyìí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́ fún ọmọ mi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, ọmọ yín kọ ọ́ síbí pé ẹnì kan tí òun ò mọ̀ ni."

Ìyá mi wò mí. Ibi tó yẹ kí n ti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ ò rí nǹkan tẹ́ ẹ bà jẹ́ ni?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe kọ ọ́," ìyá mi sọ fún ìnsípẹ́kítọ̀. "Kò mọ̀ mí."

Ilé iṣẹ́ náà kò tún ọkọ̀ ọ̀hún ṣe. Èmi ni mo gbé e lọ kùn ní Ìkìrun. Mo bẹ ìyá mi, mo tún rán àwọn àgbà sí i. Ó ní òun ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé Òkukù, á dìde nílẹ̀, á fi ìborùn rẹ̀ nu àga, á ní, "Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ jókòó." Bó ṣe ń kí mi nìyẹn títí ó fi kú.