Island Wo Ni Kẹ́mi Ń Lọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi ni mo fà á. Èmi Ọládipọ̀, tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìkòròdú kí n tó wá di ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Altona, ládùúgbò kan ní Hamburg. Títí dòní, bí wọ́n bá fún mi ní ìwé ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, bíírò ni mo máa ń yọ. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Fadékẹ́mi lorúkọ ìyàwó mi. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Hamburg níbí, ó sì ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Steilshoop là ń gbé, lórí àjà kẹjọ, àwa àti Amelie ọmọ wa. Ẹ bá mi wo obìnrin tó ń jí wa ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, tí kò sì ní sinmi, bàtà eré ló máa wọ̀. Triathlon ni wọ́n ń pe eré tó ń ṣe. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tún sáré, lọ́jọ́ kan náà, láìjókòó. Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo bi í pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nílé ní Ìkòròdú, ìwé ìgbélùú wa sì wà ní Ausländerbehörde, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe ìwé fún àwa àlejò. Bí a bá jáde nílùú lásìkò yẹn, a lè má ríbi wọlé mọ́. Inú fóònù la ti wo ìsìnkú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ báyìí, nẹ́tíwọọ̀kì lọ. Kẹ́mi dìde, ó wọ bàtà, ó jáde. Ìgbà tó padà dé, ó ní òun sáré yí Bramfelder See po lẹ́ẹ̀mẹta. Adágún odò ẹ̀gbẹ́ ilé wa nìyẹn. Látọjọ́ náà, kò tíì dúró.

Ẹ̀gbẹ́ adágún yẹn náà ni ìtẹ́ òkú Ohlsdorf wà. Ó tóbi débi pé bọ́ọ̀sì ń gba inú ẹ̀ kọjá. Gbogbo àwọn tó ń sáré ládùúgbò wa ló máa ń gba ibẹ̀, torí pé igi pọ̀ níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Kẹ́mi kì í gbà á. Bó bá ti dé ẹnu géètì, á yí padà. Mo ti rí i láti ojú fèrèsé wa láìmọye ìgbà, mi ò sì bi í léèrè rí.

Ìwé wa ti jáde tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí àsìkò ìsinmi bá ti dé lọ́dọọdún, Kẹ́mi á ti ní nǹkan sọ. Lọ́dún kan, iléèwé Amelie ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúnkún ni. Màámi, ìyẹn ìyá rẹ̀, kò tiẹ̀ béèrè mọ́ pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Ó kàn máa ń béèrè bóyá a ti jẹun. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Lọ́dún tó kọjá, Julian, ẹni tó ń kọ́ wọn ní ẹgbẹ́ eléré wọn, ní kí gbogbo àwọn lọ sí erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà ní oṣù kejì, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Òtútù kì í débẹ̀. Wọ́n á máa múra sílẹ̀ fún ìdíje oṣù keje níbẹ̀. Wọ́n ní kí Kẹ́mi ṣètò ẹ̀, torí pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kì í pẹ́ dé ibì kankan. Háà, inú ẹ̀ dùn! Mi ò rí ẹ̀rín yẹn lójú ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó. Ó wá pépà ńlá kan, ó fi ìlà pín in sí ojúlé ojúlé, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́, kí èmi náà lè mọ ohun tó ń lọ. Àmọ́, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Luwe. Keke. Sare. Luwe. Keke. Sare.

Mo ní ta ló gbọ́dọ̀ rí irú eléyìí nílé tèmi? Mo yọ bíírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí i. Ìgbà tí mo dé orí "sare", mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá Amelie, sáré ni àbí sàréè? Ibojì lèkejì mà ni o. Má lọ sọ pé kí àwọn òyìnbó yẹn wọ ibojì ní Wẹ́sìdeè." Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Kẹ́mi mú àkísà, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo sọ. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ ẹ́ láìtún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Kẹ́mi ti gun kẹ̀kẹ́ jáde, Màámi bá pè.

"Ẹ káàsán, Màámi."

"Káàsán, ọkọ mi. Kẹ́mi dà?"

"Ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ, mà."

"Ṣé kò ní fi kẹ̀kẹ́ yìí pa ara ẹ̀ báyìí? Kí ló tún ń múra sílẹ̀ fún?"

"Wọ́n fẹ́ lọ sí Island ní February ni, mà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe eré ìdárayá."

Ẹ wò ó, olùkọ́ Yorùbá ni mí! Mo mọ erékùṣù. Mo ti kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ, mo sì ti ní kí wọ́n tò ó ní sípẹ́lì. Ọ̀lẹ ló jẹ́ kí n sọ Island, kí Màámi má bàa ní kí n ṣàlàyé òkun wo ni. Ẹni tó bá sì ń gbé Ìkòròdú, Island kan ṣoṣo ló mọ̀. Island tí wọ́n ń sọdá afárá lọ ni, Island tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní Èkó.

Màámi pariwo débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. "Kẹ́mi ń bọ̀ nílé! Ọlọ́run ọba, o ṣeun o! Kẹ́mi mi ń bọ̀!" Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Dípọ̀, mi ò ní bá a sọ ọ́ o. Bí mo bá sọ ọ́, á tún yí ọkàn padà. Jẹ́ kó ṣáà dé."

Amelie, tó jókòó síbi tábìlì, wò mí. "Papa, welche Insel?" Ó ń bi mí pé erékùṣù wo. Mo ní kó jẹ ìrẹsì ẹ̀.

Mo ní lọ́la ni mo máa tún un ṣe. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù, ohùn ẹkún ayọ̀ yẹn á tún dún sí mi létí, màá sì dá fóònù padà sílẹ̀. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Páálí Kẹ́mi, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù, ti kú tipẹ́. Láìsí òmíràn, kò lè lọ sí erékùṣù kankan. A bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ẹ́ḿbásì wa ní Berlin láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. A jókòó sínú yàrá ìdúródè, èrò pọ̀. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, ó ń kọ ọ́, ló bá dúró lójijì.

"Bàbá Amelie, nọ́ńbà mélòó ni ilé wa ní Ìkòròdú?"

Mi ò rántí. Òun náà ò rántí. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó dùn ún pé òun gbàgbé nọ́ńbà ilé bàbá òun. Ó mú fóònù. Mo ní, "Kẹ́mi, má pè wọ́n, jẹ́ kí n..." Ó ti pè.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mélòó ni ilé wa?"

Ó gbé ohùn fóònù sókè torí pé ọwọ́ ẹ̀ kan wà lórí fọ́ọ̀mù. Gbogbo yàrá ló gbọ́ ohùn Màámi.

"Mẹ́tàdínlógún ni. Kí lo fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Ṣé o rò pé wàá sọnù ni? Èmi fúnra mi ni mo máa wá pàdé ẹ ní pápákọ̀! Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwọ náà ti dá a sílẹ̀, kí n sọ ọ́ wàyí. Dípọ̀ ti sọ fún mi pé Island lẹ máa wà. Bí ẹ bá ti ṣeré tán ní Island, wá sùn nílé, jọ̀ọ́. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá ẹ. Mo ti ní kí wọ́n ro koríko orí sàréè bàbá ẹ. Èmi fúnra mi ni mo gbálẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé Kẹ́mi ń bọ̀."

Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá wa yọ̀. Kẹ́mi yíjú wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màámi," ló sọ. Ó kọ mẹ́tàdínlógún sórí fọ́ọ̀mù.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Hamburg nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tó kọjú sí mi. Kẹ́mi kì í pè mí ní "o". Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń lò fún mi, kódà bí inú bá ń bí i.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Mo ní mo máa pe Màámi, mo máa jẹ́wọ́, mo máa gba gbogbo èébú.

"Má pè wọ́n." Ó yíjú sí fèrèsé. "Olùkọ́ Yorùbá."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ló ń dá lọ́kàn. Bó bá lọ sí erékùṣù ẹ̀, ọkàn ìyá ẹ̀ á gbọgbẹ́. Bó bá lọ sílé, gbogbo ohun tó fi oṣù mẹ́jọ ṣètò á lọ, á sì dé ibi tó ti ń yẹra fún láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo dì í mú sáàárín méjèèjì. Mo sì fẹ́ràn obìnrin yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án, ó wọ bàtà eré. Mo dúró sójú fèrèsé. Ó yí adágún náà po lẹ́ẹ̀kan, ó dé ẹnu géètì Ohlsdorf, ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wọlé, sáàárín àwọn igi, mi ò sì rí i mọ́. Ó lé ní wákàtí kan kó tó padà dé. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó pe Julian níṣojú mi, ó ní òun ti kọ gbogbo ètò sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa lọ, òun ò bá wọn lọ. Julian bi í pé níbo ni yóò wá máa ṣe tirẹ̀. Ó ní, "Lagos."

Ó já pépà àtijọ́ lára fìríìjì, ó lẹ tuntun mọ́ ọn. Ìgbà tó wọ balùwẹ̀, mo lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, oṣù kejì náà ni. Lójúlé ọjọ́ kìíní, ó kọ ọ́ báyìí: Ikorodu. Sare.

Bíírò ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Mo fi àmì sórí Ìkòròdú. Mo dé orí èkejì, ọwọ́ mi dúró. Kẹ́mi ti jáde, aṣọ ìnura wà léjìká ẹ̀, ó ń wò mí.

Mo ní, "Kẹ́mi, mi ò fi ṣàwàdà o. Sáré ni àbí sàréè?"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Méjèèjì ni."