Garawa Ìjọba àti Èso Fúrúùtù

Kànrìnkàn ń dún ṣáráṣárá lára garawa náà, omi ọṣẹ ń ṣàn wọ gọ́tà, Màmá sì ń bá garawa wí bí ẹni ń wẹ ọmọ alágídí. "Yí ẹ̀yìn síbí. Ta ló lẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́ ọ lára báyìí?" Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò lọ sí ọjà Marché Central á dẹwọ́ eré kí wọ́n lè ráyè wòran. Garawa ìjọba ni. Wọ́n gbé e kọ́ òpó létí títì, níwájú ilé wa gan-an, kí ẹni tó ń kọjá lè rí ibi ju ike omi tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. N kò tíì rí ẹlòmíì ní gbogbo Douala tó ń fi omi gbígbóná wẹ garawa ìjọba.

Màmá kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa nínú ọgbà kan lẹ́yìn ọjà Mboppi, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìyá mi máa ń fi mí sí tí ó bá lọ ta aṣọ. Ẹ̀kọ ni Màmá ń ṣe fún àwọn Yorùbá inú ọjà. Òórùn ọgì kíkan ni mo fi mọ yàrá wọn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá bá wọn nídìí asẹ́, omi ọgì á máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò. Èmi á máa nu ewé, wọ́n á máa fi pọ́n ẹ̀kọ. Wọ́n ti pẹ́ ní Douala ju ìyá mi lọ, àmọ́ Faransé kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu rárá. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mò ń lọ ilé ìwé Faransé, ni mò ń gbọ́ ọ fún wọn. Tí àlejò bá dé, wọn kì í pe orúkọ mi. "Ẹnu mi dà?" ni wọ́n máa ń wí. Màá sáré jáde, inú mi á máa dùn pé èmi ni ẹnu àgbà.

Èèrí ọgì àti ewé gbígbẹ máa ń pọ̀. Kí garawa yẹn tó dé, Màmá ń rù wọ́n lọ sídìí bàákì, ìyẹn àpótí irin ńlá tó wà ní oríta, níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ ti ń kó ìdọ̀tí gbogbo ilé. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún gbéra. Nígbà tí wọ́n rí garawa tuntun níwájú ilé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da èèrí sínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ òfin rẹ̀ sára òpó, kò sì wá sí wọn lọ́kàn láti ní kí n kà á. Garawa ṣáà ni garawa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan dé láti mẹ́rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù péńpé tó ń dán yinrin. Kò tilẹ̀ paná ọ̀kadà rẹ̀. Ó yọjú wo inú garawa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "La mère, c'est propre, hein. Mais si je trouve encore vos ordures là-dedans, c'est l'amende."

Ẹnu Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní, "Ó ní ó mọ́ tónítóní. Ó ní bí òun bá tún bá ilẹ̀ yín nínú rẹ̀, fúrúùtù ni."

"Fúrúùtù bí èso?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Amáńdì."

Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ dáadáa ni. Igi fúrúùtù kan wà nílé ìwé wa, amáńdì ni a ń pe èso rẹ̀ lédè Faransé, a máa ń fi òkúta fọ́ ọ jẹ. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń pe èso yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe owó ìtanràn. Inú Màmá dùn. Wọ́n ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣebí ọṣẹ tiwọn ni wọ́n fi ń wẹ garawa ìjọba. Ìgbà yẹn ni wọ́n wáá da ilẹ̀ gan-an. Wọ́n tiẹ̀ ní kí àwọn ará ilé gbé tiwọn wá, kí èso náà lè pọ̀ kó kárí.

Ọjọ́ Sátidé ni ọkùnrin náà padà wá. Garawa ti kún dẹ́nu, ewé ẹ̀kọ ń yọrí jáde. Màmá gbé abọ́ kan tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ọkùnrin náà wo abọ́, ó wò mí. "L'amende," ó wí, ó sì fi àtàǹpàkò ra ìka kejì rẹ̀ bí ẹni ń ka owó. "Il faut payer."

Mo gbọ́ ohun tí ìka rẹ̀ ń sọ. Mo ní, "Màmá, owó ni. Ó ní kí ẹ san ìtanràn nítorí ilẹ̀ ilé tí ẹ dà síbẹ̀." Ẹ̀rín bú nínú ọgbà. Ẹnì kan ní Màmá gbé abọ́ lọ gba ìtanràn.

Ìyá mi kò tíì lọ sọ́jà. Ó sáré jáde, ó fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá a sọ̀rọ̀. Màá sọ pé ọmọ yìí ló ṣì í gbọ́. Ọmọdé ni, á fojú fò ó."

Ẹ ní láti mọ̀ pé Màmá kì í ra ohunkóhun láìná an. Wọ́n ń ná takisí. Wọ́n ń ná oògùn nílé ìtajà tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ páálí. Ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n ṣáà ti fọwọ́ tọ́ka sí mi ni. Wọ́n mi orí.

"Kí o sọ pé kí ni? Kí gbogbo àdúgbò máa wí pé ẹnu rẹ̀ kì í sọ òótọ́? Ohun tó gbọ́ ló sọ. Mo dalẹ̀ síbi tí wọn ò fẹ́, mi ò wáá ní dalẹ̀ ọmọ yìí."

Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n san án pátápátá. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra àgbàdo ni. Èmi sá wọ abẹ́ ibùsùn, mo ní n kò tún ní gbọ́ Faransé fún ẹnì kankan mọ́ láyé mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí mo ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, mo gba ẹ̀yìn ọgbà kí wọ́n má bàa rí mi. Mo ṣì gbọ́ ohùn wọn láti ìdí asẹ́. "Ẹnu mi dà?" Àwọn tó gbọ́ Faransé jù mí lọ jókòó yíká níbẹ̀, Màmá kò wo ojú ìkankan nínú wọn. Nígbà tí mo yọjú, Màmá ní kí n mú àwọn lọ sí oríta, kí n bi awakọ̀ akólẹ̀ léèrè ìgbà tó ń dé, kí àwọn lè máa gbé èèrí lọ síbi tó yẹ. A bá a níbẹ̀, mo bi í, ohùn mi kéré bíi ti ẹ̀fọn.

"Sọ ọ́ sókè," ni Màmá wí. "Ẹnu mi kì í kùn."

Mo tún bi í, ó dáhùn, mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ronú díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ṣé kò ní ìbejì?"

Mo wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní kò ní.

"Ó dáa. A jẹ́ pé àárọ̀ ni a óò máa wá." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fún mi ní etí kan lára agbọ̀n èèrí, wọ́n di èkejì mú, bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe títí mo fi dàgbà. Wọn ò sì fi garawa ìjọba sílẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́.

Màmá ti lọ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe lónìí, ní àdúgbò Akwa ní Douala. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń ṣàárò wọn, pàápàá tí òórùn ọgì bá kọjá lára mi. Láìpẹ́ yìí, mo tẹ̀ lé aránṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá dé lọ sí ọ́fíìsì mẹ́rì, nítorí pé ó da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sínú garawa etí títì. Ó ń làágùn. Òṣìṣẹ́ náà gbé ojú sókè, ó bèèrè ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún aránṣọ náà. Mo kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà bóyá ó ní ìbejì. Lẹ́yìn náà ni mo sún àga mi mọ́ ti aránṣọ.

"Èmi ni ẹnu rẹ̀," mo wí.