Ẹ̀kúnwọ́ Tẹ̀tẹ̀ Tó Kẹ́yìn

Bí omi bá ta sí iyanrìn gbígbẹ, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá wa nígbà náà ni. Ìyá àgbà ń po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn.

“Màmá,” ni mo pè wọ́n, “kí ló ń jẹ́ fọ́nká? Ẹ̀gbọ́n Dádì ló sọ ọ́ nípa wa ní pálọ̀.”

Wọ́n fọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan sórí ebè. “Ọ̀rọ̀ oko ni. Bí irúgbìn bá kó jọ sójú kan, á fún ara rẹ̀ pa.”

“Iyanrìn ńkọ́?”

“Òun ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra.”

Ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n dì í mú títí kí wọ́n tó fọ́n ọn.

Kí tẹ̀tẹ̀ yẹn tó tó já, ilé mọ̀lẹ́bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, a ò sì tún pé sójú kan mọ́.